Ẹ̀jẹ̀ yín ò tó? Bẹ́ ẹ ṣe máa gbé áyọ́ọ̀nù ara yín sókè, láti ọ̀dọ̀ dókítà dé inú ìkòkò ọbẹ̀

Látìgbà tí mo ti sọ fáwọn èèyàn pé PCV mi, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó lára, ti gòkè kúrò ní 24, ìbéèrè kan náà ló ń wọlé sórí fóònù mi ṣáá: "Àǹtí, kí lẹ jẹ?" Aboyún ń bi mí, ọmọ yunifásítì FUTA ń bi mí, ìyá oníṣòwò kan ní Òde Oǹdó pè mí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan, bàbá kan tó ń wa ọkọ̀ Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀ náà pè. Mo wá ní kí n kúkú jókòó kọ gbogbo ẹ̀ síbì kan, kẹ́ ẹ lè máa fi ránṣẹ́ síra yín. Èmi kì í ṣe dókítà, ohun tí dókítà àti nọ́ọ̀sì kọ́ mi tí mo sì fi ara mi dán wò ni mò ń sọ o, bí ọ̀rọ̀ mi bá ta ko ti dókítà yín, ti dókítà yín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọbẹ̀ ṣáájú. Oúnjẹ ṣe pàtàkì, màá débẹ̀, ṣùgbọ́n tí áyọ́ọ̀nù, irin tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, bá ti tán lára, oúnjẹ nìkan kì í sábà tó láti dá a padà. Àyẹ̀wò ló ṣáájú, ká mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ, kó tó kan tábúlẹ́ẹ̀tì, kó tó wá kan oúnjẹ. Kẹ́ẹ̀gì tó ń jò nídìí, tá a bá pọn omi sí i láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní kún.

## Àwọn tí kò gbọ́dọ̀ dúró ka ìyókù

Ẹ lọ sọ́sibítù lónìí, kì í ṣe lọ́la, tó bá jẹ́ pé:

- èémí ń há yín nígbà tẹ́ ẹ jókòó jẹ́ẹ́
- àyà ń dùn yín, tàbí ẹ ti dákú
- ẹ̀jẹ̀ ń bá èébì yín jáde, tàbí ìgbẹ́ yín dúdú bí ọ̀dà tó sì ń lẹ̀
- páàdì kan ń rin gbingbin láàárín wákàtí kan, tí wákàtí kejì náà tún rí bẹ́ẹ̀
- ẹ lóyún, ẹ̀jẹ̀ sì ń wá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ SS tàbí SC, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀. Ẹ má lo oògùn áyọ́ọ̀nù kankan láìjẹ́ pé dókítà ti yẹ áyọ́ọ̀nù ara yín wò. Ẹ̀jẹ̀ SS máa ń lọ sílẹ̀ torí pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ń tètè fọ́, kì í ṣe dandan pé áyọ́ọ̀nù ò sí níbẹ̀, ẹni tí wọ́n sì ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára léraléra, áyọ́ọ̀nù lè ti pọ̀ jù lára ẹ̀ débi tó fi ń ba ẹ̀dọ̀ àti ọkàn jẹ́.

## Ohun tí ara máa ń sọ

Oṣù márùn-ún gbáko ni mo fi ń pè é ní ibà. Àtẹ̀gùn ọ́fíìsì wa ní Alágbàká kò gùn, síbẹ̀ mo máa ń dúró lágbedeméjì bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú báàgì, kí wọ́n má bàa rí i pé mò ń mí hẹlẹ. Kẹ́mísítì kan ládùúgbò ta oògùn ibà fún mi lẹ́ẹ̀mẹta, kò sẹ́ni tó gún mi níka wò bóyá ibà ni lóòótọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló mú mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́jọ́ kan, ó fa ìpéǹpéjú mi ti ìsàlẹ̀ wálẹ̀, ó ní "Àǹtí, inú ojú yín funfun bí ẹ̀kọ." Ó yẹ kó pupa. Ẹ lè wo tiyín báyìí nínú dígí.

Àwọn àmì yòókù rèé:

- àárẹ̀ tí oorun ò lè mú kúrò
- òòyì, orí fífọ́, àyà tó ń lù kìkì bẹ́ ẹ bá rìn díẹ̀
- àtẹ́lẹwọ́ tó ṣì, irun tó ń já, èékánná tó ń fọ́
- ẹsẹ̀ tí kì í fẹ́ dúró jẹ́ẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì lóru
- yìnyín, ìrẹsì tí wọn ò tíì sè, tàbí ẹfun tó kàn ń wù yín jẹ ṣáá

Ti ìkẹyìn yẹn, ìtìjú kì í jẹ́ káwọn èèyàn sọ ọ́. Èmi ń ra áìsì bílọ́ọ̀kù tí mò ń fọ́ jẹ lójoojúmọ́, mo rò pé ooru Àkúrẹ́ ni. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà, wọ́n mọ̀ ọ́n, ó máa ń wà pẹ̀lú àìtó áyọ́ọ̀nù. Ní ti ẹfun, ẹ jẹ́ ká dáwọ́ ẹ̀ dúró, pàápàá aboyún: ó máa ń dí áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́, wọ́n sì ti bá òjé nínú ẹ̀, májèlé ni òjé fún ọmọ inú.

Àmì nìkan ò tó o. Ibà, àìsàn táírọ́ìdì inú ọrùn, àìsùn, gbogbo wọn lè fa àárẹ̀. Ìdí nìyẹn tá a fi ń lọ ṣàyẹ̀wò.

## Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé lọ rí dókítà

Dókítà ò ní àyè púpọ̀ fún ẹnì kan, èrò pọ̀ níta. Ẹ múra sílẹ̀:

1. Ẹ kọ nǹkan oṣù yín sílẹ̀, ti oṣù méjì tó kọjá ó kéré tán: ọjọ́ mélòó ló lò, páàdì mélòó lẹ pààrọ̀ lóòjọ́, ṣé ẹ̀jẹ̀ dídì tó tóbi ju owó ẹyọ lọ ń jáde. "Ó pọ̀ díẹ̀" ò sọ nǹkan kan fún dókítà. "Ọjọ́ mẹ́jọ, páàdì méje lóòjọ́, mo máa ń jí lóru pààrọ̀" ló máa jẹ́ kó gbé bírò.
2. Ẹ kó gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ń lò sínú nylon kan, pẹ̀lú àgbo, pẹ̀lú blood tonic, pẹ̀lú oògùn ìrora. Ẹ má fi ìkankan pamọ́.
3. Ẹ mú èsì àyẹ̀wò àtijọ́ dání, kódà tó bá ti pé ọdún méjì.
4. Ẹ mọ jínótáìpù yín. Tẹ́ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ṣe é mọ́ ti ọjọ́ yẹn.
5. Ẹ kọ ìbéèrè mẹ́ta sílẹ̀. Ìtìjú àti ìkánjú máa ń gbé ìbéèrè lọ tẹ́ ẹ bá ti jókòó síwájú tábìlì dókítà.

Ibo lẹ máa lọ? Ẹ lè fi health centre àdúgbò yín bẹ̀rẹ̀, PCV kì í ṣòro. Tó bá ju ìyẹn lọ, ọsibítù ìkọ́ni wà l'Ákùúrẹ́, ó wà l'Óǹdó, FMC, ọsibítù ìjọba àpapọ̀, sì wà l'Ọ́wọ̀. Ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó lọ bóyá wọ́n ń ṣe ferritin, àyẹ̀wò tó ń sọ iye áyọ́ọ̀nù tí ara tọ́jú pamọ́, níbẹ̀ tàbí wọ́n máa kọ ọ́ síta fún yín. Ẹ mú káàdì ìnṣọ́ráǹsì ìlera dání tẹ́ ẹ bá ní, ẹ bi wọ́n léèrè èwo nínú àyẹ̀wò náà ló san. Ẹ lọ ní kùtùkùtù.

## Àyẹ̀wò tẹ́ ẹ máa bèèrè, àti bẹ́ ẹ ṣe máa ka èsì ẹ̀

PCV nìkan ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀. PCV dáa, àmọ́ ohun tó ń sọ ò pọ̀: ó ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ kéré, kò sọ ìdí. PCV ni gààrí inú abọ́, ferritin ni gààrí inú àpò. Abọ́ lè ṣì kún díẹ̀ nígbà tí àpò ti gbá mọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹlòmíì fi ń rẹ̀ tí wọ́n á sì sọ fún un pé PCV ẹ̀ dáa.

Ẹ fi ọ̀wọ̀ bèèrè, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè ṣe full blood count àti ferritin?" Full blood count ni àyẹ̀wò tó ń ka gbogbo sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀.

Èsì tẹ́ ẹ máa wò:

- Hb (ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ tí áyọ́ọ̀nù wà nínú ẹ̀): obìnrin tí kò lóyún, lábẹ́ 12 ò tó. Aboyún, lábẹ́ 11. Ọkùnrin, lábẹ́ 13.
- PCV: tẹ́ ẹ bá fi 3 sọ Hb yẹn di púpọ̀, ẹ ti ń sún mọ́ ọn, ìyẹn nǹkan bí 36 fún obìnrin, 33 fún aboyún, 39 fún ọkùnrin.
- MCV (bí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ṣe tóbi tó): tó bá wà lábẹ́ 80, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ kéré ju bó ṣe yẹ, àìtó áyọ́ọ̀nù máa ń fà á, àwọn nǹkan míì náà sì lè fà á.
- Ferritin: lábẹ́ 15, àpò ti gbẹ. Ọ̀pọ̀ dókítà ti máa ń tọ́jú ẹni tó bá wà lábẹ́ 30.

Àṣìṣe kan wà níbí tó ń tan èèyàn jẹ. Ferritin máa ń gòkè fúnra ẹ̀ nígbà tí ibà tàbí àrùn míì bá wà lára. Ẹ lè ṣe é lọ́jọ́ tí ibà ń ṣe yín kí wọ́n rí 60, kí wọ́n ní kò sí wàhálà, bẹ́ẹ̀ wàhálà wà. Tí ara yín bá gbóná láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ sọ fún wọn.

Tówó ferritin ò bá sí ńkọ́? Ẹ má tìtorí ẹ̀ jókòó sílé. Dókítà lè fi full blood count àti ìtàn tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ ṣiṣẹ́, kó kọ oògùn fún yín, kó wá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ bóyá Hb ń gòkè. Tó bá gòkè dáadáa, áyọ́ọ̀nù ló ń wá náà nìyẹn.

## Ẹ wá ibi tó ń jò

Ibí yìí lèmi ti pàdánù oṣù márùn-ún, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Fún obìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ wò. Nǹkan oṣù tó bá ju ọjọ́ méje lọ, tàbí tó ń ní kẹ́ ẹ pààrọ̀ páàdì ní wákàtí kan sí méjì, ti pọ̀ jù, kódà tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí fún màmá yín àti àwọn ẹ̀gbọ́n yín obìnrin. Ilé wa, "bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń ṣe é" la máa ń sọ. Ìgbà tí wọ́n ṣe skáànù fún mi, fàíbírọ́ìdì ló jókòó síbẹ̀, ohun táwọn àgbà ń pè ní ìju. Oògùn wà tó ń dín ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kù, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń là jáde, ẹ má jẹ́ kí ìbẹ̀rù iṣẹ́ abẹ dá yín dúró sílé.

Ibòmíì tó máa ń jò:

- ọgbẹ́ inú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo ibuprofen, diclofenac tàbí aspirin lójoojúmọ́ fún ẹ̀yìn àti orúnkún, ẹ sọ fún dókítà
- jẹ̀díjẹ̀dí tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ má kàn rò pé jẹ̀díjẹ̀dí ni gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó bá tẹ̀ lé ìgbẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò
- aràn ìfun, pàápàá èyí tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ oko kòkó láìwọ bàtà. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ìgbẹ́ wò, oògùn ẹ̀ kì í wọ́n. Aboyún, ẹ má ra á fúnra yín
- ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀, fún àwọn ọmọ tó ń wẹ̀ lódò
- oyún àti ìbímọ tó súnra mọ́ra

Bàbá awakọ̀ tó pè mí, ó fẹ́ mọ ẹ̀fọ́ tó máa jẹ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ ẹ̀fọ́ kankan gẹ́gẹ́ bí oògùn kó tó rí dókítà. Ọkùnrin kì í ṣe nǹkan oṣù. Tí áyọ́ọ̀nù ọkùnrin bá tán, tàbí ti ìyá tí nǹkan oṣù ẹ̀ ti dáwọ́ dúró, ó yẹ kí wọ́n wo inú àti ìfun bóyá ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbẹ̀, torí àrùn jẹjẹrẹ ìfun náà lè bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láì sí ìrora.

## Bí wọ́n ṣe ń lo tábúlẹ́ẹ̀tì kó lè ṣiṣẹ́

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe mí. Dókítà kọ ferrous sulphate fún mi, mo lò ó oṣù méjì, mi ò fo ọjọ́ kan. PCV kúrò ní 24, ó dé 26, ó dúró síbẹ̀. Mo ti ń sunkún. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló bi mí pé, "Kí lẹ fi ń lò ó?" Mo ní tíì ni mà, láàárọ̀. Ó ní irú tíì wo? Mo ní Milo, mo máa ń fi mílíìkì sí i dáadáa kó lè fún mi lágbára. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ọmọ mi, ẹ ń fi ọwọ́ kan gbé e wọlé, ẹ ń fi ọwọ́ kejì tì í jáde."

Tíì gidi, kọfí, àti kòkó tó wà nínú Milo àti Bournvita, gbogbo wọn ní nǹkan tó máa ń so mọ́ áyọ́ọ̀nù nínú ikùn tí kì í jẹ́ kó wọ ara. Mílíìkì náà ń dí i lọ́wọ́. Ìpínlẹ̀ kòkó la wà, a fẹ́ràn ẹ̀, ẹ máa mu ún, àmọ́ ẹ yà á sọ́tọ̀.

1. Ẹ wo orúkọ tó wà lára páálí. Ferrous sulphate 200 mg àti ferrous fumarate 200 mg, áyọ́ọ̀nù gangan tó wà nínú hóró kan jẹ́ bíi 65 mg. Ferrous gluconate 300 mg, bíi 35 mg ni. Ẹ má kàn pààrọ̀ ọ̀kan sí ìkejì lọ́wọ́ kẹ́mísítì, wọn ò dọ́gba.
2. Hóró kan lóòjọ́ ló máa ń tó fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, àyàfi tí dókítà bá sọ nǹkan míì. Tẹ́ ẹ bá lo ọ̀kan, ara máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ áyọ́ọ̀nù fún nǹkan bí ọjọ́ kan, méjì-mẹ́ta lóòjọ́ ò wá sọ pé ẹ̀jẹ̀ máa yára pọ̀, inú rírun ló máa pọ̀.
3. Ẹ lò ó nígbà tí inú ṣófo, wákàtí kan ṣáájú oúnjẹ tàbí wákàtí méjì lẹ́yìn ẹ̀. Omi lásán ti tó.
4. Tíì, kọfí, Milo, mílíìkì àti oògùn tó ń pa àsíìdì inú, ó kéré tán wákàtí méjì ni kó wà láàárín wọn.
5. Tẹ́ ẹ bá ń lo oògùn táírọ́ìdì, wákàtí mẹ́rin. Ciprofloxacin àti doxycycline náà, ẹ má lò wọ́n pọ̀ pẹ̀lú ẹ̀, ẹ bi kẹ́mísítì bẹ́ ẹ ṣe máa pín in.
6. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé tòní, ẹ má lo méjì lọ́la.

Èmi yí tèmi sí aago mẹ́wàá alẹ́ kí n tó sùn, torí mo máa ń jẹun alẹ́ ní aago méje. Tíì mi padà sí aago mẹ́wàá àárọ̀ ní ọ́fíìsì. Mi ò yí nǹkan míì padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, 31.

Ìgbẹ́ yín máa dúdú. Oògùn yẹn ló ń ṣe é, ẹ má bẹ̀rù, àmọ́ èyí tó dúdú tó ń lẹ̀ bí ọ̀dà tó sì ń rùn burúkú, ẹ lọ fi hàn.

Tí inú bá ń run yín tàbí ìgbẹ́ ò fẹ́ jáde, ẹ má dá oògùn dúró láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe nìyẹn, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà wọ́n á tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ bi dókítà bóyá ẹ lè máa lò ó lọ́jọ́ kan kẹ́ ẹ fo ọjọ́ kejì, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọ̀pọ̀. Tàbí kẹ́ ẹ lò ó pẹ̀lú oúnjẹ díẹ̀ tí kò ní mílíìkì. Tàbí kí wọ́n pààrọ̀ irú ẹ̀. Omi púpọ̀ àti ìbẹ́pẹ máa ń ran ìgbẹ́ lọ́wọ́.

Tí tábúlẹ́ẹ̀tì ò bá bá ara yín mu rárá, tàbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ju ohun tó ń wọlé lọ, tàbí oyún ti fẹ́ pé, áyọ́ọ̀nù wà tí wọ́n ń fà sí iṣan bíi dírípù. Ọsibítù ni wọ́n ti ń ṣe é, kì í ṣe nínú ilé ẹnikẹ́ni, torí ó lè bá ara ẹlòmíì jà. Fífa ẹ̀jẹ̀ síni lára yàtọ̀ sí ìyẹn, ìgbà tó bá le gan-an ni.

## Ó wá kan ọbẹ̀

Oríṣi áyọ́ọ̀nù méjì ló wà nínú oúnjẹ. Èyí tó wà nínú ẹran, ẹja àti ẹ̀dọ̀, ara máa ń tètè gbà á. Èyí tó wà nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, díẹ̀ lára ẹ̀ ló ń wọlé, àyàfi tẹ́ ẹ bá ràn án lọ́wọ́. Ìrànlọ́wọ́ náà ò wọ́n: ẹran tàbí ẹja díẹ̀ nínú ìkòkò kan náà, àti èso tó ní fítámì C lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọsàn, gúáfà, ìbẹ́pẹ, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, àgbálùmọ̀ nígbà tí àsìkò ẹ̀ bá dé. Ẹ jẹ ẹ́ ní tútù, iná máa ń ba fítámì C jẹ́.

Ohun tí mo máa ń rà lọ́jà Ìsìnkàn tàbí Ọjà Ọba:

- ẹ̀dọ̀ màlúù: 100 gíráàmù tó ti jinná ní bíi 6 mg, òun ló ga jù nínú ohun tí mo ń sè
- ìgbín: bíi 3.5 mg nínú 100 gíráàmù, a ò wá a tì níbí
- ẹran pupa, bíi 2.5 mg
- ẹ̀wà tó jinná, òun náà bíi 2.5 mg, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń wọ ara
- ẹja gbígbẹ àti edé, kódà díẹ̀, láti fi ran ẹ̀fọ́ lọ́wọ́
- úgù, tẹ̀tẹ̀, ebòlò, ewúro

Obìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù nílò bíi 18 mg lóòjọ́, aboyún bíi 27 mg, ọkùnrin 8 mg. Ẹ fi wé iye tó wà lókè yẹn, ẹ máa rí ìdí tí mo fi ní ẹ̀fọ́ nìkan ò lè gbé PCV 24.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ìlànà ọjọ́ kan, báyìí lèmi ṣe ń ṣe é. Àárọ̀, mọ́ínmọ́ín tó ní ẹja nínú pẹ̀lú ògì, láìfi mílíìkì sí i, kí n tó bó ọsàn méjì jẹ. Mo máa ń rẹ ẹ̀wà mọ́jú kí n tó lọ̀ ọ́, kí n da omi ẹ̀ nù, ó ń dín ohun tó ń di áyọ́ọ̀nù mú kù, ògì tó ti kan náà ti ní àǹfààní yẹn. Ọ̀sán, ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ rírò tí mo gé ẹ̀dọ̀ wẹ́wẹ́ sí. Ẹ fọ ẹ̀fọ́ kẹ́ ẹ tó gé e, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ kalẹ̀ kó tó di dúdú. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú, iyán àti ọbẹ̀ marúgbó, ìgbín mẹ́rin nínú ẹ̀, màmá mi ò gbà kí n fi sílẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀, ìbẹ́pẹ.

Aboyún, ẹ rọra pẹ̀lú ẹ̀dọ̀, fítámì A inú ẹ̀ pọ̀, ó lè pa ọmọ inú lára tó bá pọ̀ jù. Ìgbín, ẹran àti ẹja ni kẹ́ ẹ gbájú mọ́, pẹ̀lú oògùn tí wọ́n fún yín ní antenatal.

Ẹ̀yin tẹ́ ò jẹ ẹran, ẹ̀wà, sóyà, ẹ̀fọ́ àti èso tútù ní gbogbo oúnjẹ, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí dókítà mọ̀ pé ẹ ò jẹ ẹran.

## Ohun tí mo ti ná owó lé tí kò ṣiṣẹ́

Máàtì àti mílíìkì. Gbogbo ìlú ló gbà á gbọ́. Súgà àti mílíìkì ni, kò sí áyọ́ọ̀nù kan gbòógì nínú ẹ̀, mílíìkì tún ń dí èyí tẹ́ ẹ jẹ lọ́wọ́. Fífi tòmátò inú agolo sí i kò yí i padà.

Ohun tó pupa. Zobo, bíìtì, omi pòròpórò ọkà bàbà. Pípupa kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ má mu wọ́n, ohun tí mò ń sọ ni pé kẹ́ ẹ má fi wọ́n rọ́pò oògùn.

Blood tonic. Ẹ ka ẹ̀yìn ìgò. Áyọ́ọ̀nù tó wà nínú ṣíbí kan ti àwọn míì kéré jọjọ sí ti tábúlẹ́ẹ̀tì. Tó bá jẹ́ òun lẹ lè gbé mì, ẹ gbé ìgò náà lọ bá dókítà kó ṣe ìṣirò ẹ̀.

Àgbo tẹ́ ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Kíndìnrín tó ti bàjẹ́ náà ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀, ìṣòro méjì ni yóò wá di.

## Ọjọ́ tẹ́ ẹ máa padà lọ

- Ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹrin: ẹ tún Hb tàbí PCV ṣe, ní láàbù kan náà tó bá ṣeé ṣe. Ó yẹ kí Hb ti gòkè pẹ̀lú 1 ní ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí bíi 2 ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má pààrọ̀ oògùn fúnra yín, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́ta: ṣé mò ń lò ó bó ṣe yẹ, ṣé ẹ̀jẹ̀ ṣì ń jò, ṣé nǹkan míì ló ń ṣe mí?
- Nígbà tí Hb bá ti pé: ẹ máa lo oògùn lọ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí i. Abọ́ ló kún, àpò ṣì ṣófo. Ibí lọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, ara ti yá, wọ́n á gbé oògùn jù sílẹ̀.
- Lẹ́yìn ẹ̀: ferritin lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní oṣù mélòó kan síra wọn bí dókítà bá ṣe sọ, pàápàá tí ohun tó ń jò bá ṣì wà.

Ẹ ya fọ́tò gbogbo èsì sórí fóònù, ẹ kọ ọjọ́ sí i. Pépà ọsibítù máa ń sọnù.

## Àwọn ìbéèrè tó ṣẹ́kù

"Mo ń gba ààwẹ̀, ìgbà wo ni kí n lò ó?" Lẹ́yìn ìṣínu, tó bá ti pé wákàtí méjì tẹ́ ẹ jẹun, kẹ́ ẹ tó sùn. Àmọ́ tí PCV yín bá ti lọ sílẹ̀ gan-an tàbí ẹ lóyún, ẹ bi dókítà bóyá ààwẹ̀ yẹ yín lọ́dún yìí.

"Ṣé ọkọ mi lè lo èyí tó ṣẹ́kù nínú tèmi?" Rárá. Kó lọ ṣàyẹ̀wò tiẹ̀. Áyọ́ọ̀nù tó pọ̀ jù lára kò rọrùn láti gbé jáde.

"Inú ojú ọmọ mi ọdún méjì funfun, ṣé kí n fọ́ tábúlẹ́ẹ̀tì mi díẹ̀ fún un?" Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé, mo bẹ̀ yín. Oògùn ọmọdé wà, ìwọ̀n ara ẹ̀ ni wọ́n fi ń díwọ̀n ẹ̀, wọ́n sì ní láti yẹ ibà wò fún un. Bákan náà, ibi gíga tó ní kọ́kọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ máa fi tábúlẹ́ẹ̀tì tiyín sí, ó pupa, ó ń dán, ó jọ súìtì lójú wọn, ìwọ̀nba hóró díẹ̀ sì lè pa ọmọ. Tọ́mọ bá gbé e mì, ẹ gbé e dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lọ sọ́sibítù pẹ̀lú páálí oògùn náà, kódà kó ṣì máa ṣeré, torí ara ẹ̀ lè kọ́kọ́ dà bí ẹni pé ó ti bọ̀ sípò kó tó wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.